Ábídí Wọnlẹ̀wọnlẹ̀

"Ta ló kọ ìdọ̀tí yìí?"

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi ìka méjì gbé páálí náà sókè bí ẹni tó gbé òkú eku. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti jókòó ti ibùsùn ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn láti àárọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Èmi ni, Bùọ̀dá. Ara páálí bisikíìtì ni mo ti gé e. Kí màmá lè máa fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà tí wọ́n bá fẹ́ ni."

Máákà dúdú ló fi kọ ọ́. B yọkùn, S fẹ́ ṣubú lu T, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, gbogbo wọn rí bí ọ̀mùtí tó ń darí bọ̀ wálé. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yínmú. Ó ti páálí náà sábẹ́ ibùsùn, ó sì yọ tirẹ̀ jáde nínú báàgì aláwọ tó gbé wá.

Ká sọ tòótọ́, imú yíyín gan-an niṣẹ́ ọkùnrin yìí; ilẹ̀ tó ń wọ̀n kàn ń bọ́ ọ ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ya fọ́ǹtì tirẹ̀, ìrísí lẹ́tà ìtẹ̀wé, lórí kọ̀ǹpútà nílé, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wo bọ́ọ̀lù, òun á máa wo ikùn a. Ìyàwó rẹ̀ ti gba kámú. Kò sí pátákó ojú títì tí kì í bú. Ti onígbàjámọ̀, ó ní afọ́jú ló kọ ọ́. Ti ilé ìjọsìn, ó ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ò ní wọ ilé tí wọ́n fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kọ orúkọ sí lára. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fún òun ní fọ́ǹtì náà, kí òun fi tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ òun. Ó ní kò tíì parí. Irọ́ ni. Kò kàn tíì rí ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni. Tó bá fẹ́ dán an wò, á tẹ n, á tẹ o, á tẹ n méjì, á tẹ o méjì, títí ojú ìwé á fi kún, á sì fẹ̀yìn tì, á máa wo àlàfo àárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí nìkan ló yẹ nǹkan náà lójú rẹ̀. Òun ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló rán an níwèé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ẹnu ọ̀hún ló ti dákẹ́ báyìí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́nà ọ̀fun, ohùn sì bá a lọ. Lónìí, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pàṣẹ lórí fóònù pé kí wọ́n ṣe é. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní àwọn ò gbà. Dókítà ní òun ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ lòun á ti gba èsì.

"Dìde," Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ sọ fún ọmọ náà, ó sì gba ìjókòó rẹ̀. Ó gbé ike funfun tí wọ́n tẹ ábídí rẹ̀ sí lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyà. "Wò ó. Èyí ni wọ́n ń pè ní lẹ́tà."

"Ó rẹwà," ọmọ náà fèsì láti ìsàlẹ̀ ibùsùn. "Ṣùgbọ́n, Bùọ̀dá, ẹ ò tíì kí màmá láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni dókítà dé. Wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn láyà, lẹ́tà rúbúrúbú tí wọ́n fi ń kọ káàdì ọjọ́ ìbí ọmọdé. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tún yínmú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Tá a bá tún un ṣe, ó lè dáa, ó sì lè má dáa, ṣùgbọ́n ẹ máa pẹ́ níbí. Ẹ má ro ti ẹnikẹ́ni. Kí ni kí á ṣe?"

Ìyá náà gbé ìka rẹ̀ tó ti rù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ìka bọ́ sórí ẹ. Ó rí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, bó ṣe dúró dáadáa láìfara kan lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ìka kọjá sí j. Áà, ìrù yẹn! Ìyà tó jẹ ẹ́ lórí ìrù yẹn kò kéré. Ẹsẹ̀ k gùn jù díẹ̀, òun á gé e kù tóun bá délé. Ìka ń lọ, ìka ń bọ̀. L tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán. S ò mì. Kò sí fọ́ǹtì ilé ìfowópamọ́ kan tó lè dúró níwájú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́.

Ìka dúró.

"Ọ̀gá," dókítà ní, "ẹ̀yin lẹ kọjú sí i. Kí ni wọ́n sọ?"

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ lanu. "Wọ́n ní..." Ó wo ike, ike kò sọ nǹkan kan. "Mi ò kà á."

"Ṣé kò hàn ni?"

"Ó hàn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ojú sí i, ó wò ó láti orí dé àyà, ó yọ ṣùtì. Kò lóhùn tí yóò fi pòṣé, síbẹ̀ ó pòṣé, Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ sì gbọ́ ọ ketekete. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ wọlẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ kú ìrora. Ẹ bá mi tún un sọ."

Ìka tún gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí, Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ń pè é sókè bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ojú rẹ̀ má baà tún ṣìnà.

"Ẹ. J. Ẹ." Ó tẹ̀ lé ìka náà. "K. I. N."

Nígbà tó dórí L, ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó gbìyànjú láti wo ìdúró rẹ̀ nìkan, kí òun má baà kà á. Kò ṣeé ṣe mọ́.

"L. Ọ. S. I." Ìka sún síwájú. "L. E."

Ọmọ náà ti da ojú kọ ògiri.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sílé," Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ sọ fún dókítà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá ti sọ ọ́ gan-an, láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ìyá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà fara balẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìka tó rù yẹn ṣì wà lórí e. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tẹjú mọ́ ọn títí, kò sì rántí bí òun ṣe ya lẹ́tà náà mọ́.