Mochi Ẹ̀yìn Rikuto

Bí Rikuto bá sunkún, Chigusa ìyá rẹ̀ á ti gbé e kí ẹkún náà tó jáde tán. Ọmọ fẹ́ pé ọdún kan, ó ti ń rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sábà kan ilẹ̀. Ẹ má bú obìnrin náà o. Nígbà tí ọmọ wà ní oṣù mẹ́fà, ibà dì mọ́ ọn, kò lọ bọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ là, àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti san lápá rẹ̀ tún wú, ó pọ́n bí ata. Àwọn dókítà ní àrùn Kawasaki ni. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ibà lọ, ṣùgbọ́n iṣan kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ ti wú sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àyà Chigusa kò ti balẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìbí ọmọ, Fumiyo, ìyá ọkọ Chigusa, gbé mochi ńlá wọlé, ìrẹsì tí òun fúnra rẹ̀ gún bí ẹni gún iyán. Àṣà wọn ni pé ẹ̀yìn ọmọ tó bá pé ọdún kan ni wọ́n ń dè é mọ́. Bí ọmọ bá ṣubú, kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Bó bá rìn lọ, kí wọ́n tì í ṣubú, kó má baà tètè fi ilé sílẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fò ó lọ́dún yìí.”

“Ọdún yìí kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn ń pé ọdún kan?”

“Ọkàn rẹ̀ ni mò ń rò, Màmá.”

“Ó dáa. Ṣebí ọ̀dọ̀ dókítà lẹ ń lọ. Bi í.”

Ní ọsibítù, Dókítà Nagase fi ẹ̀rọ tẹ àyà Rikuto, ó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù lójú ẹ̀rọ náà. Rikuto ń jẹ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

“Wíwú yẹn ti lọ,” ni dókítà wí. “Ẹ ṣì máa mú un wá fún àyẹ̀wò o, ṣùgbọ́n iṣan náà ti padà sí ìwọ̀n rẹ̀.”

“Ṣé ó lè gbé mochi?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kó gbé e, kó ṣubú, kó ké. Ẹkún ò ní ṣe ọkàn rẹ̀ ní nǹkan kan.”

Nígbà tí wọ́n délé lọ́sàn-án, wọ́n de mochi náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Rikuto fọwọ́ tilẹ̀, ó fún ojú pọ̀, ó gbé ìdí sókè, ó dìde. Ló bá kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Ó ń lọ o! Ẹ tì í, ẹ tì í!” Fumiyo ń pariwo, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rù ti ń ba òun náà látọjọ́ yìí, ẹnu ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Chigusa kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Ó fi ìka méjì kan àyà rẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ti kàn án láàárọ̀, ó sì tì í.

Rikuto jókòó gbì. Ó wo ìyá rẹ̀ tìyanutìyanu, ó lanu, ó ké tí ilé fi gba ariwo. Ọwọ́ Chigusa ti nà jáde láti gbé e kó tó rántí ohun tí dókítà wí. Ó fa ọwọ́ náà padà, ó fi í sórí itan ara rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Ké e dáadáa, ọmọ mi.”

Nígbà tí kò sẹ́ni tó gbé e, Rikuto dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó fọwọ́ tilẹ̀, ó tún dìde pẹ̀lú ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ìyá Rikuto, ó tún ń lọ!”

“Mo rí i, Màmá. Ẹ jẹ́ kó lọ díẹ̀ ná.”