Kọfí Àárọ̀ Ọjọ́ Àyẹ̀wò

"Bàbá, kọfí ńkọ́? Tíì? Kòkó? Ẹ ò fi kankan kan ẹnu látàná?"

Nọ́ọ̀sì ló ń bi awakọ̀ ojú irin kan bẹ́ẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò ọkàn, ó ti fi abẹ́rẹ́ sí i lápá. Ọkùnrin náà bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì mi orí. "Omi nìkan ni."

Irọ́ funfun báláú! Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló fọ ife tó fi mu kọfí láàárọ̀, kọfí ṣì ń gbóná nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti rò pé ọkọ òun gbàgbé ni. Gbàgbé kẹ̀? Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé kó má mu kọfí, ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ló bi í pé, bí èèyàn bá wá mu ún ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ní kọfí kì í jẹ́ kí oògùn tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn ṣiṣẹ́, pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò ti dé dáadáa lè fara pamọ́ fún ẹ̀rọ. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ yékéyéké.

Bí àwòrán ọkàn tí ẹ̀rọ máa yà bá dára, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá dára, kò ní wa ọkọ̀ mọ́ láé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń kó èrò kiri, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó bá ní kóun jókòó sílé ti sin òun láàyè.

Àmọ́ ìyàwó ti rí tirẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn, ọkọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì, á ní okùn bàtà òun tú. Okùn ọ̀hún kì í tú. Á kàn pẹ́ níbẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbé àpótí òjé kékeré wọlé. "Oògùn ìtànṣán yín rèé, Bàbá. Àárọ̀ yìí ni wọ́n pò ó, kì í dúró de èèyàn. Ó máa bá ẹ̀jẹ̀ wọnú ẹran ọkàn yín, ẹ̀rọ á sì ka iye tó dé ibẹ̀. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn bà á lẹ́rù. Ó di ilẹ̀kùn mú. Bó bá sọ̀rọ̀, ó tú àṣírí ọkọ rẹ̀ lójú àlejò nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ó lè di opó.

"Ó mu kọfí," ló wí. "Ife kan odidi. Ẹ má fún un."

Ẹlẹ́rọ gbé àpótí rẹ̀ padà. "Oògùn òní ti ṣòfò. Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀."

"Bàbá," nọ́ọ̀sì wí, ó ń yọ abẹ́rẹ́, "ọkàn ara yín lẹ fẹ́ rẹ́ jẹ?"

Nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin náà kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn ilé wọn, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé inú ẹ ti dùn báyìí, Ìyá Ìbejì?"

"Inú mi ò dùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà láàyè ni."

Ọkùnrin náà ṣíwájú gòkè. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé òkè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dé orí ẹsẹ̀, ó ń wá okùn. Sálúbàtà ló wọ̀. Kò sí okùn kankan níbẹ̀. Ó tẹ̀ ba síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń táràrà lórí awọ bàtà.

Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sẹ́yìn sí ìyàwó rẹ̀.

"Dì mí mú," ló wí. "Àyà ń dùn mí."

Oṣù mẹ́ta ni obìnrin náà ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dì í mú, wọ́n sì jọ jókòó sórí àtẹ̀gùn títí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀.