Káfíńtà Inú Ìwé

Ọdún kọkànlá rèé tí Onọ́rébù ti wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kí wọ́n bá òun ti fèrèsé. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹnìkan dábàá pé kí wọ́n lọ jẹun, ó sì dìde gbè é lẹ́sẹ̀ tagbáratagbára. Ìyókù, oorun ni. Síbẹ̀, tó bá ń rìn láàárín ìdílé, bí ẹni tó ru ìlú lérí ni: ikùn á ṣíwájú, òun á tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kì í bá a jiyàn. Opó ni, káfíńtà sì ni. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ọkọ kú, kò ta ayùn kan, kò ta òòlù kan, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń báṣẹ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fági lọ́wọ́ nígbà tí akọ̀wé àbúrò rẹ̀ wọlé, ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó di ìwé pẹlẹbẹ mọ́yà.

“Ẹ kúuṣẹ́, mà. Ọ̀gá ní kí n fi èyí hàn yín. Ìwé tí ilé ìgbìmọ̀ fi ń sọ nípa aṣòfin kọ̀ọ̀kan ni.”

Obìnrin náà nu ọwọ́, ó kà á sókè: “Iṣẹ́ tó ṣe kó tó di aṣòfin: káfíńtà. Ohun tó fẹ́ràn láti máa ṣe tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀: kíkan àga fún àwọn arúgbó.”

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni àbúrò rẹ̀ lò nínú ṣọ́ọ̀bù yìí lábẹ́ ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló ti ń ráhùn pé eruku igi ń ba ṣáàtì òun jẹ́. Nígbà tó di ogúnjọ́, ó ní òun ń lọ mumi. Omi ọ̀hún ló ń mu títí dòní.

“Àga wo ló kàn?”

Akọ̀wé wolẹ̀. “Mẹ́fà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yẹn ni, mà. Ọ̀gá fẹ́ kó wọn lọ sílé àwọn arúgbó lọ́la. Ayàwòrán ń bọ̀. Ẹ mọ̀ pé ìdìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀.”

Ilé àwọn arúgbó yẹn gan-an ló kan àwọn àga náà fún, láìfariwo. Ó yẹ kó kọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹni ni. Ó gbà, bó ṣe máa ń gbà.

“Sọ fún un pé èmi náà ń bọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, Onọ́rébù wọ aṣọ funfun báláú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àga náà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń rùn fún ọṣẹ, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ bíi búrẹ́dì sókè.

“Ọwọ́ yìí ni mo fi kàn wọ́n o!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ni bàbá arúgbó onírùngbọ̀n kan bá dìde.

“Ọmọ mi, Ọlọ́run ló rán ọ. Ilẹ̀kùn yàrá mi ò ṣé é tì, òtútù ń pa mí. Òòlù wà níbí.”

“Bàbá, a máa rán ẹnìkan wá.”

“Ẹni wo? Ṣebí ìwọ ni káfíńtà?”

“Àwòrán yẹn á dáa gan-an, sà,” ni ayàwòrán wí.

Onọ́rébù sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i.”

Obìnrin náà káwọ́ gbera. “Èmi kẹ̀? Orúkọ mi ò sí nínú ìwé.”

Onọ́rébù di òòlù mú bí ẹni di adìyẹ lọ́rùn mú. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, àtàǹpàkò rẹ̀ ló bà. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù já, ilẹ̀kùn ṣubú lulẹ̀ gbì, eruku sì bo aṣọ funfun.

“Ó tán,” ni bàbá náà wí. “Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ni kò ṣé é tì. Ní báyìí, kò tiẹ̀ sí ilẹ̀kùn.”

Onọ́rébù ń fa àtàǹpàkò mu bí ọmọ ọwọ́, ó ní ìpàdé pàjáwìrì wà nílé ìgbìmọ̀. Ó ti wọkọ̀ lọ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró. Ó ránṣẹ́ lọ mú irinṣẹ́ tirẹ̀ wá, ó fá etí ilẹ̀kùn, ó so ó padà. Bó ṣe ń ṣe é, ara rẹ̀ ló wá ń bínú sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dìbò fún ọkùnrin yẹn, tó sì bẹ àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n dìbò fún un, òun tó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ.

“Kí ni aṣòfin yẹn jẹ́ sí yín?” ni bàbá náà béèrè.

“Àbúrò mi ni.”

“Áà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ló wí, bí ẹni ń kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀.

Lọ́jọ́ ìdìbò, obìnrin náà ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ra, ó ń rẹ́ pákó. Àbúrò rẹ̀ tún jáwé olúborí. Ó pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń dún fún ayọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé! Ìbò yín ṣiṣẹ́!”

“Mi ò dìbò.”

Ó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín kèékèé. Ó ní òun fẹ́ yí ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn padà, pé oyin sísìn ni òun fẹ́ràn báyìí. Ṣé ẹ̀gbọ́n mọ ẹni tó ní ilé oyin tí àwọn lè yàwòrán níbẹ̀?

Obìnrin náà gbé fóònù kalẹ̀ sáàárín èérún igi, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀, ó sì mú ayùn rẹ̀.