Ojú Kámẹ́rà Mẹ́ta, Ojú Alájà Kan

Kí n má purọ́, mi ò fẹ́ràn Jẹ̀lílì. Láti ọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní òdìkejì títì sí tèmi ní Yaba ni gbogbo àdúgbò ti ń sọ̀rọ̀ ojú kámẹ́rà rẹ̀ tuntun, gíláàsì tí wọ́n ń dè mọ́ kámẹ́rà níwájú, àfi bí ẹni pé èmi Oyèníran fọ́jú. Irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ èmi náà, irú tó máa ń mu ìmọ́lẹ̀ bí omi. Bí iná bá lọ, màá ṣí fèrèsé, màá sì máa ya fọ́tò mi lọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, irin gidi, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Ẹ̀kejì wà lọ́wọ́ Ambrose tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Bí oòrùn bá kan gíláàsì rẹ̀, á máa yọ àwọ̀ elésè àlùkò. Ẹ̀kẹta ni ti Jẹ̀lílì, ó fúyẹ́, wọ́n fi rọ́bà yí i lọ́rùn.

Ní ìparí ọdún 1977, Alájà Kùdírátù, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, ń wá ẹni tí yóò ya fọ́tò kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Ogójì obìnrin ni wọ́n. Orúkọ ẹni tó bá yà wọ́n yóò wà nísàlẹ̀ kàlẹ́ńdà náà, lára ògiri pálọ̀ àwọn èèyàn, fún odidi ọdún kan. Mo fẹ́ kí orúkọ yẹn jẹ́ tèmi dé ibi pé mi ò lè sùn.

Jẹ̀lílì náà ń fẹ́ iṣẹ́ yìí, ni Alájà bá ní kí a ya òun wò ná, kí òun fi mọ ojú kámẹ́rà tó dára jù. Ambrose gbà láti ṣe onílàjà. Ó lo kámẹ́rà kan ṣoṣo, ó ń pààrọ̀ ojú rẹ̀, ó fi tirẹ̀ kún un fún àfiwé, ó ya Alájà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tó fọ fọ́tò tán, ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn wọn: oókan tèmi, eéjì tirẹ̀, ẹẹ́ta ti Jẹ̀lílì. Ó wá ní kí n bá òun ṣọ́ wọn, òun ń lọ ra búrẹ́dì.

Mo wo fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. O lè ka irun ìpéǹpéjú Alájà nínú ti Jẹ̀lílì. Ti Ambrose ò fi bẹ́ẹ̀ burú. Nínú tèmi, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ àtíkè sí Alájà lójú. Mo mú rọ́bà, mo pa oókan àti ẹẹ́ta rẹ́, mo sì fi ọ̀kan kọ ipò èkejì. Ó tiẹ̀ ń dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò tí ojú kámẹ́rà mi yà ni Alájà kọ́kọ́ mú.

“Ta nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, mà,” Ambrose dáhùn.

“Níbo lẹ gbé ilà ojú mi sí? Wọn á ní mo dé Èkó, mo lọ pa á rẹ́.” Ó mú ti Jẹ̀lílì. “Èmi rèé. Ẹni tó bá rí èyí nílé á mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.”

Ó yí i padà, ó rí oókan, nọ́ńbà tèmi. Ambrose wo nọ́ńbà náà, ó wò mí, ó húkọ́.

Èmi ni mo gba iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ojú kámẹ́rà mi ò lè yọ ilà ogójì obìnrin. Ibi tí mo ti ń rò ó ni Jẹ̀lílì ti wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ojú kámẹ́rà. Tuntun yìí ti já mi kulẹ̀.”

“Irin gidi lèmi ń lò o, Jẹ̀lílì.”

Mo jẹ́ kó bẹ̀ mí dáadáa kí n tó gbà. Mo rẹ́rìn-ín délé.

Kàlẹ́ńdà jáde, orúkọ mi wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di Àjíǹde, ọ̀dọ̀ Jẹ̀lílì ni gbogbo ìyàwó tuntun ń wọ́ lọ. Lọ́dọ̀ mi, kò sí irorẹ́ tí kì í hàn. Mo ya Hilda ìyàwó mi pàápàá. Ó wo fọ́tò náà, ó dojú fọ́tò dé orí tábìlì.

Lọ́jọ́ kan, Ambrose yà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, “Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.” Ó nawọ́ sí gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù Jẹ̀lílì.

Fọ́tò Hilda ló wà níbẹ̀, ńlá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń dán, ó rẹwà bí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i níbùdókọ̀ Ìdó. Ojú kámẹ́rà mi àtijọ́ ló yà á. Ó dùn mí wọra. Mo sọdá, mo ní kí Jẹ̀lílì tà á fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ó ní. “Àǹtí Hilda ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní ibí ni kó wà, kí ẹ lè máa rí i láti ṣọ́ọ̀bù yín.”