Ìbéèrè Jẹ́jẹ́ Lọ́dọ̀ Télọ̀

Látìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wọ yunifásítì láti kọ́ nípa bí àwọn aláìsàn ṣe ń gbé pẹ̀lú àìsàn wọn ni télọ̀ ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní irú dókítà wo ni kì í gúnni lábẹ́rẹ́, tó kàn ń jókòó ti aláìsàn, tó ń bi í bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀? Ọmọ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ̀ ń lọ sókè, wọ́n sì ti kìlọ̀ nílé ìwòsàn pé àrùn rọpárọsẹ̀ ò jìnnà mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè bóyá bàbá ti lo oògùn, ojoojúmọ́ ni bàbá sì ń dá a lóhùn pé òun ti lò ó.

Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá aláìsàn kan lẹ́nu wò, ìdáhùn yìí náà ni ọmọ kọ lọ fún olùkọ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ àmúrelé. Olùkọ́ kà á, ó mi orí. Ó ní bàbá tí ò fẹ́ kí ọmọ òun fòyà ló ń sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe aláìsàn. Ní kíláàsì tiwọn, èèyàn kì í bi ará ilé ara rẹ̀ ní ìbéèrè, ṣe ni wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹbí. Bí télọ̀ ṣe bọ́ sọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ nìyẹn, akẹgbẹ́ kan tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóhùn rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ lo gbogbo ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá bàbá di etí aṣọ mú. Bó ṣe jáde ni ọmọ télọ̀ dè é lẹ́nu ọ̀nà. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń gbé. Ọmọ bẹ̀ ẹ́, ó bínú sí i, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ kò sọ ohun tí bàbá bá a sọ.

“Wọlé lọ bá bàbá ẹ,” ni Jẹ́jẹ́ wí. “Má bi wọ́n ní nǹkan kan.”

Ọmọ wọlé, ó jókòó, ó pa ẹnu mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè ń yún un lẹ́nu. Bàbá rán ṣòkòtò ọwọ́ rẹ̀ parí, ó dá ẹ̀rọ dúró.

“Ìyá ẹ ló máa ń gbé oògùn yẹn fún mi. Bí mo bá fọwọ́ ara mi mú un, á jẹ́ pé mo ti gbà pé ìyá ẹ ò sí mọ́.”

Látìgbà ìsìnkú ìyá, bàbá kò tíì lo ẹyọ kan.

Ọmọ sunkún. Orí rẹ̀ wú nítorí Jẹ́jẹ́, ó sì wú nítorí ẹ̀kọ́ tó ń kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi oògùn kó tó fà á padà. Omi nìkan ló bù, ó gbé e síwájú bàbá, ó sì jókòó tì í. Nígbà tó yá, bàbá na ọwọ́ ara rẹ̀ sí oògùn náà.