Ta Ló Ń Gbé Ilé Ọlọ́runlékè?

3.

…ilé tí kò bá sì sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, tí koríko ti bò, tí ejò àti ẹ̀fọn ti sọ di tiwọn, wíwó ni a ó wó o kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

(Bí akéde ṣe ké e fún wa nìyẹn, ní Ògìdì, lọ́dún 1954. N kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ojú ìyá mi ni mò ń wò.)


4.

Àwọn òfin yòókù, bí mo ṣe rántí wọn:

Bo ìkòkò omi.
Gé koríko yí ilé ká.
Má jẹ́ kí ewúrẹ́ sun yàrá kan náà pẹ̀lú èèyàn.
Agolo tó ti bàjẹ́, sin ín. Omi òjò kò gbọdọ̀ dúró nínú rẹ̀.
Gbẹ́ ṣálángá, kó jìnnà sí kànga.
Bí wolé-wolé bá béèrè iye ẹni tó ń gbé ilé, sọ òótọ́.

Eléyìí tó kẹ́yìn nìkan ló yọ wá lẹ́nu.


5.

Èmi ni Adédùntán. Ọlọ́runlékè ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó mọ ilé oníyàrá kan àti ọ̀ọ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá wa, ó fi koríko bo orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun ò ní gbé ìyàwó wá sábẹ́ koríko. Ó gba Jọ́ọ̀sì lọ, lọ wa kùsà nínú ilẹ̀, kó lè rówó ra páànù.

Ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà.

Kò padà. Kò kọ̀wé. Ẹnikẹ́ni kò wá sọ pé ó kú.

Ọkọ tèmi kú, mo padà sílé. Yàrá kan ṣoṣo lèmi àti Ìyé, ìyá wa, jọ ń sùn. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ṣófo lẹ́yìnkùlé. Ìyé ń gbá àyíká rẹ̀ láràárọ̀.


6.

(Mo fa eléyìí ya.)


7.

Emmanuel ni wolé-wolé wa, ọmọ Mọ́pà. Ó máa ń ṣí fìlà kakí rẹ̀ kó tó wọ agbo ilé.

EMMANUEL: Okun o, Ìyé.
ÌYÉ: Okun o, ọmọ mi.
EMMANUEL: Ta ló ń gbé ilé ẹ̀yìn yìí?
ÌYÉ: Ọmọ mi, Ọlọ́runlékè.
EMMANUEL: Ó dà?
ÌYÉ: Ó lọ sí Jọ́ọ̀sì.
EMMANUEL: Láti ìgbà wo?
ÌYÉ: (Ó mú ọwọ̀, ó ń gbá iwájú ilé náà.)
EMMANUEL: Ẹ jẹ́ kí Adédùntán kó wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé ni òfin ń béèrè, kò béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Màá fi ṣọ́ọ̀kì kọ oókan sára ilẹ̀kùn, ó parí.
ÌYÉ: Ta ni oókan yẹn?
EMMANUEL: Adédùntán.
ÌYÉ: Bí Ọlọ́runlékè bá wá dé ńkọ́?
EMMANUEL: Ìyé…
ÌYÉ: Bó bá dé, tó rí i pé wọ́n ka àwọn tó wà nílé òun, tí wọn ò ka òun mọ́ wọn ńkọ́?


8.

Mo fẹ́ ilé náà. Kí n má purọ́. Mo fẹ́ ibi tí mo ti lè na ẹsẹ̀ mi.


9.

(Ìyé ló ń sọ̀rọ̀ níbí.)

Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Mo mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ara mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò ní í ti ẹnu mi jáde. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọmọ mi kú, kó wá fi sàréè rẹ̀ hàn mí.


10.

Ìyé gbà kí n máa sùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé náà, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n kà mí. Ó ti yàrá pa. Ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró.

Ohun tí mo gbọ́ láti inú yàrá títì náà:

ikọ́.


11.

Ikọ́ gbígbẹ. Bí ẹni tí iyanrìn há lọ́fun.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í húkọ́ nígbà tó wà nílé.


12.

Bámgbóṣé, ará Òkè-Bùkún, ti ṣiṣẹ́ kùsà rí. Ó rán awakọ̀ kan sí wa:

"Ẹ bá mi kí Ìyá Ọlọ́runlékè. Èmi àti Ọlọ́runlékè jọ gbé yàrá. Nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, eruku kùsà ti wọ̀ ọ́ láyà, ikọ́ kì í jẹ́ kó sùn. Ó ní òun ń lọ sílé. N kò mọ̀ bóyá ó dé."

Ìyé ní kí awakọ̀ náà tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Ẹ gbọ́," ni Ìyé wí. "Ó ní òun ń lọ sílé."

Èmi kò tíì sọ̀rọ̀ ikọ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Àbí mo ti sọ ọ́. Kò dá mi lójú.


13.

ÌKÌLỌ̀ ÌKẸYÌN
Sí Ìyá Ọlọ́runlékè, Ògìdì.
A kò rí ẹni kankan kà nínú ilé ẹ̀yìnkùlé yín. Ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, wolé-wolé yóò wá pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Kí ẹni tó ń gbé ilé náà jáde wá fojú hàn.


14.

Wọ́n dé lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú àáké àti ṣọ́bìrì.

EMMANUEL: Ìyé, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ Adédùntán.
ÌYÉ: Kọ àwọn méjèèjì.
EMMANUEL: N kò lè ka ẹni tí n kò rí.
ÌYÉ: Ṣé o ti wọ inú yàrá lọ wò ó? Wolé-wolé ni wọ́n ń pè ọ́. Wọlé.

Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, ó nà án sí i.


15.

Ó wọlé.

Ó pẹ́.


16.

Nígbà tó jáde, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó béèrè omi, ó mu ún tán. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, gàdàgbà:

                    2

ÒṢÌṢẸ́ KAN: Ọ̀gá, ṣé ká wó o?
EMMANUEL: Èèyàn ń gbé ibẹ̀.


17.

Bóyá ó ṣàánú ìyá mi ni.

Tàbí


18.

Wọ́n gbé iṣẹ́ Emmanuel lọ sí Ìsánlú kí òjò tó dé. Mo bá a níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀, àpótí rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

ÈMI: Kí lẹ rí nínú yàrá yẹn?
EMMANUEL: Iye tí mo bá nílé ni mo kọ.


19.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Ìyé fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn bí n kò ṣe rí i rí láti ìgbà tí mo ti ilé ọkọ dé.

"Má sùn lọ́ọ̀dẹ̀ mọ́," ó ní. "Wọ yàrá lọ. Yóò gba ẹ̀yin méjèèjì."

Mo ṣí i. Pẹpẹ amọ̀ kan ló wà níbẹ̀ fún sísùn, ó fẹ̀, ó lọ láti ògiri dé ògiri.

Mo gbé ẹní mi mọ́ àyà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

N kò mọ ẹ̀gbẹ́ wo ni kí n tẹ́ ẹ sí.