Dáìsì Olójú Ogún

Olúwayẹ́misí da báàgì Jabez sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ọmọkùnrin náà bọ́ bàtà. Kò tọrọ àyè. Òun ni ó ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní yunifásítì kan ní Ọ̀tà, kò sì sí ibi tí ọmọ lè fi nǹkan pamọ́ sí nínú báàgì tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dé. Pẹ́ńsù bọ́ jáde, bébà tí wọ́n ya odò àti igbó sí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohun kékeré kan yí gbirigbiri wá dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣà á. Ó ń dán, ojú ara rẹ̀ pọ̀ bí ojú ọ̀pẹ òyìnbó, nọ́ńbà sì wà ní ojú kọ̀ọ̀kan.

"Kí lèyí?"

"Dáìsì ni, mà. Olójú ogún ni wọ́n ń pè é."

"Tẹ́tẹ́ lo wá ń kọ́ àbúrò mi."

"Rárá o, Àǹtí. Eré ìtàn ni. Ẹnì kan á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á di èèyàn inú rẹ̀. Bí ẹni inú ìtàn bá fẹ́ ṣe ohun tó le, á ju dáìsì. Tí nọ́ńbà bá ga, ó bọ́ sí i. Tí kò bá ga, ìyà dé."

Olúwayẹ́misí yí nǹkan náà lọ́wọ́. Ohun tó ní ogún ojú ni wọ́n fẹ́ gbé fún ẹni tí kò ní ojú kan tó ń ríran.

Jabez àti Ayọ̀rìndé, àbúrò Olúwayẹ́misí, ti jọ ṣiṣẹ́ rí, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ní ọ̀nà Ìgbẹ́sà, kí ó tó di ọjọ́ tí kẹ́míkà ta sí Rìndé lójú. Láti ìgbà náà, onírúurú èèyàn ló ti gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé. Àwọn kan wá ya fọ́tò, wọn kò padà wá mọ́. Wòlíì kan wá, omi tó gbé wá ló fẹ́ tà. Olúwayẹ́misí kò tíì rí ẹni tó wọlé láìní ohun tó ń wá. Ti Jabez yìí ló wá rú u lójú jù, nítorí pé kò béèrè ohunkóhun. Ó kàn ń wá ní Sátidé, yóò jókòó ti Rìndé, wọn yóò máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rìndé, tí kò bìkítà fún ara rẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀, ní kí wọ́n bá òun gé irùngbọ̀n òun. Ẹ̀rù ba Olúwayẹ́misí. Kí ni ẹni yìí ń sọ fún un?

"Mo fẹ́ lọ ra ti Bọ̀ọ̀dá Rìndé ní Sángò," ni Jabez wí. "Òní ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣeré náà. Eléyìí ò dáa fún wọn."

"A jọ ń lọ ni," ni Olúwayẹ́misí wí. "Ibí ni ẹ ó sì ti ṣeré yín, níwájú mi."

Nínú kẹ̀kẹ́, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ra. Bí ojú bá farabalẹ̀, yóò rí imú. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ẹni tí kò ríran tó ń ju dáìsì, ẹni tó bá ń ka nọ́ńbà fún un ni ọ̀gá rẹ̀. Dáìsì tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ ni Jabez yóò rà, yóò sì máa pe ohun tó bá wù ú. Lónìí, ìtàn ni. Bó bá di ọ̀la, bébà kan ni yóò gbé síwájú Rìndé, yóò ní kó tẹ ìka sí i.

Ìsọ̀ Kàdírì kò jìnnà sí abẹ́ bíríjì. Lúdò ló ń tà, àti ọmọlángidi àlòkù, àti géèmù tó máa ń bá ẹrù òkìrìkà wọlé. Ó gbé abọ́ ike kan tó kún fún dáìsì síwájú wọn, ó sì mú ọ̀wọ́ kan jáde tí inú rẹ̀ ń kọ mànàmànà bí ìràwọ̀.

"Èyí làwọn ọmọ yunifásítì ń rà," ni Kàdírì wí.

Olúwayẹ́misí ń wo ọwọ́ Jabez. Ọmọkùnrin náà mú olójú ogún nínú rẹ̀, ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò yí i ká.

"Ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò bá ọwọ́ sọ̀rọ̀," ó ní, ó dá a padà.

Ó mú òmíràn. Nọ́ńbà inú ìyẹn jinlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ dáìsì náà kéré bí àgbàdo. Ó dá ìyẹn náà padà. Inú Kàdírì kò dùn mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fa agolo kékeré kan yọ.

"Onírin nìyí. Méje ló pé síbẹ̀. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ó wúwo jù."

Jabez fọwọ́ kan olójú ogún inú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó nà án sí Olúwayẹ́misí. "Ẹ di ojú yín, mà."

Ta ló ń di ojú ní Sángò? Ó ká báàgì rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ariwo pọ̀ sí i, igbe àwọn agbèrò, fèrè ọkọ̀ akẹ́rù, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ tí kò mọ iye wọn. Irin náà tutù. Ìka rẹ̀ rí ihò tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí, ó tọ̀ ọ́ yípo.

"Mẹ́fà."

"Ẹ tún wò ó."

Ó tún fọwọ́ wá a. Ìlà tín-ínrín kan wà lápá kan, tí ó ń sọ ibi tí ìdí nọ́ńbà wà. Ó yí i padà.

"Mẹ́sàn-án ni."

Nígbà tí ó la ojú, mẹ́sàn-án ni lóòótọ́. Inú bí i sí Jabez, kò sì mọ ìdí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju dáìsì náà sórí tábìlì, ó ń jù ú, ó ń jù ú, bóyá wọ́n ti dí nǹkan sínú rẹ̀ kó lè máa gbè sí apá kan. Kò gbè sí ibì kankan. Olúwayẹ́misí fúnra rẹ̀ ló sanwó, kí ẹlòmíràn má baà sọ pé òun ló ṣe Rìndé lóore.

Ní ọ̀sán, wọ́n gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Joju. Afeezat, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, tí Jabez pè wá, dara pọ̀ mọ́ wọn. Rìndé da dáìsì sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fọwọ́ ka ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n síwájú ara rẹ̀ láti orí èyí tí iye ojú rẹ̀ kéré jù. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Olúwayẹ́misí gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí yóò ti lè rí gbogbo ọwọ́.

"Ta ni ẹ jẹ́ nínú ìtàn, Bọ̀ọ̀dá Rìndé?" ni Jabez béèrè.

"Atukọ̀ ni mí."

"Ṣé ó ń ríran?"

Olúwayẹ́misí gbé orí sókè. Rìndé fọwọ́ kan olójú ogún rẹ̀.

"Kò ríran. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ odò yẹn tó o."

Ìtàn bẹ̀rẹ̀. Afeezat di oníṣòwò tó fẹ́ sọdá pẹ̀lú ẹrù iyọ̀. Bí wọ́n ti dé àárín odò, ìjì dé. Jabez ní kí atukọ̀ ju olójú ogún, kó lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ yóò dúró. Rìndé mi ọwọ́, ó jù ú. Irin náà lu tábìlì kò, kò, ó dúró.

Olúwayẹ́misí ló kọ́kọ́ rí i. Méjì ni. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ tó gbé sókè, tó ń dúró, tí ẹ̀rín sì wà ní ẹnu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Jabez kò la ẹnu. Afeezat kò la ẹnu.

"Méjìdínlógún," ni Olúwayẹ́misí wí.

Rìndé na ọwọ́. Ó wá dáìsì náà kàn, ó gbé ìka lé e lórí láìyí i, ó tọ nọ́ńbà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rín náà kò kúrò ní ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì."

Afeezat ń wo ilẹ̀. Jabez rọra sọ ọ́: ọkọ̀ ti dojú dé, iyọ̀ ti wọ omi lọ, gbogbo wọn wà nínú odò.

"Ó dáa," ni Rìndé wí, ó sì fa àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. "Apá ibo ni omi ń ṣàn sí?"

Olúwayẹ́misí jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ó ti sọ fún Rìndé pé ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń di àyè rẹ̀ mú. Ó ti sọ fún un pé dókítà ní kí wọ́n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, pé ìrètí wà. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Rìndé kò bi í léèrè rí, kò sì bá a jiyàn rí. Ó kàn máa ń ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," yóò sì kọjú sí ògiri. Ó ti pẹ́ tí òun ti ń ka nọ́ńbà tí kò sí níbẹ̀ fún un, ó sì lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí Rìndé náà ti mọ̀.

Olúwayẹ́misí dìde. Ó gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn, títí dé ibi tí kò ti lè rí orí tábìlì mọ́, ó tún jókòó. Rìndé ti kó ọwọ́ bo dáìsì, ó ń mì ín. Irin náà lu pákó, ó yí, ó dákẹ́. Olúwayẹ́misí na ọrùn díẹ̀, ó sì ń dúró, bí àwọn tó kù ti ń dúró, kí àbúrò rẹ̀ sọ ohun tó wà níbẹ̀.